Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o tó kí olówó ọkọ̀ tán

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O rí ọkọ̀ asáré àlòkù kan, onílẹ̀kùn méjì, ó ti pé ọdún 11, iye tó wà lọ́wọ́ rẹ gẹ́lẹ́ ni olówó rẹ̀ ń pè, o wá ń bèèrè ohun tó yẹ kí o wò kí o tó sanwó. "Gẹ́lẹ́" yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, màá padà sórí rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nínú irú wọn, pupa ni, ó ń dán bí dígí. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun kàn gbé e jáde kí n lè rí i dáadáa ni. Mo tún ń dúpẹ́! Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, mo kà á sí ìwà ọmọlúàbí. A gbé e rìn, mo tẹ iná mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ wọ̀ mí dé eegun, orí mi wú. Mo sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí òtútù ti mú un mọ́jú, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ariwo tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn da ìṣó sínú agolo tó ń mì ín. Kó tó ìṣẹ́jú kan, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́, bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà sì ṣe bíi pé mi ò gbọ́. Ṣéènì tó ń yí orí ẹ́ńjìnì ló ti dẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa fà á le kò lágbára mọ́, àfi ìgbà tí ọ́ìlì bá tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹta kò tíì pé tí ṣéènì náà fi fò kúrò níbi tó yẹ kó wà, tí fáàfù àti písítìnì kọlu ara wọn lórí eré. Owó tí mo fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á.

Nítorí náà, kí o tó lọ, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ rárá kí o tó dé. Bí o bá dé, tó o bá bá bọ́nẹ́ẹ̀tì ní gbígbóná, má bá a jà. Sọ pé wàá padà wá lówùúrọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní àléébù kò ní bínú sí ìyẹn. Bó o bá wá bá a ní tútù, ní kí ẹlòmíì yí kọ́kọ́rọ́, kí ìwọ dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà. Bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo ló ń pọ̀ jù. Funfun díẹ̀ tó parẹ́ kíákíá kì í ṣe nǹkan, omi lásán ni. Ṣùgbọ́n funfun tó ń jáde ṣáá, tó ń rùn bíi nǹkan dídùn, omi rédíétọ̀ ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀ nìyẹn. Dágbére fún un.

Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ló kàn. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé tó nípọn tàn ọ́, jókòó kà á. Ọkọ̀ kejì tí mo lọ wò, rìsíìtì táyà kan tó ti ká kọ̀rọ̀ ló gbà mí là. Ẹni tó pààrọ̀ táyà náà ti kọ iye kìlómítà sí etí ìwé, ó sì ju iye tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, bẹ́ẹ̀ rìsíìtì náà ti lé ní ọdún méjì! Mo rọra dá ìwé padà, mo ní mo fẹ́ lọ ronú sí i.

Ọ̀rọ̀ táyà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà lè má tíì jẹ kó sì ti gbó, pàápàá lára ọkọ̀ tí wọ́n ní "a kì í sábà gbé e jáde." Èmi kì í fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Rọ́bà inú rẹ̀ á ti gbẹ. Èyí tí wọ́n ń gbé jáde déédéé, tí wọ́n ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà lásìkò, yá mi lára ju èyí tó sùn lọ.

O ò sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, ó sì yẹ kó o sọ, torí pé àìsàn wọn yàtọ̀ síra. Porsche Boxster 986 àti 911 tí wọ́n ń pè ní 996, bíárìn kan nínú ẹ́ńjìnì wọn, tí wọ́n ń pè ní IMS, ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè lọ́wọ́ olówó wọn: ṣé o ti pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé ẹ̀rí dà? BMW M3 ti ìran tí wọ́n ń pè ní E46, wọ abẹ́ rẹ̀, wo ibi tí irin ẹ̀yìn ti so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó máa ń sán níbẹ̀. Mazda RX-8 kò ní písítìnì rárá, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí ni, wọ́n sì dìídì ṣe é kó máa jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá fi yangàn pé òun kì í fi ọ́ìlì kún un, sá.

Yíyẹ kílọ́ọ̀ṣì wò kò gba àkókò: sáré díẹ̀, wọ jíà kẹrin, tẹ iná mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ké tí ọkọ̀ kò yára sí i, ó ti jẹ tán.

Má fọwọ́ ara rẹ ṣe àyẹ̀wò tó kù. San owó fún mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ yẹn, kó má jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á. Ní kó fi kọ̀ǹpútà wò ó, kó sì wò ó bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn àkọsílẹ̀ àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́, torí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò sọ pé àyẹ̀wò òun kò tíì parí. Èyí tí wọ́n bá ti gé sípíríǹgì rẹ̀, tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fún un lágbára kún tirẹ̀, mi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. (Ó dáa, lọ́fẹ̀ẹ́, màá gbà á.)

Ó ku "gẹ́lẹ́." Ọkọ̀ náà kò mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú lo fi rà á. Bíréèkì rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, táyà rẹ̀ tó fẹ̀, iye tí wọ́n ń tà wọ́n fún ẹni tó ra tuntun ni wọ́n máa tà wọ́n fún ìwọ náà. Pe àwọn adójútòfò kí o tó pe olówó ọkọ̀, iye tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ lè pa ọ̀rọ̀ náà tì fúnra rẹ̀. Èmi kì í rà á mọ́ bí owó tó máa kù sí mi lọ́wọ́ kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n pè é. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lo máa kó lé e, wá èyí tó kéré sí i.

Pè é lálẹ́ òní, sọ fún un pé ìdájí lo máa dé, kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Kó o wá sọ èsì tó fọ̀ fún wa níbí, kó o sì sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́.