Ṣé mo lè máa ra owó wúrà kéékèèké pamọ́?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum Áfáà wa. Lọ́ndọ̀nù ni mo ń gbé, owó tó ń wọlé fún mi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ mo máa ń yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù, tó bá ti pé mo fi ń ra owó wúrà kékeré, quarter sovereign tàbí half sovereign, owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan lórí WhatsApp àsàlátù wa ní haráàmù ni torí àwòrán ọbabìnrin wà lára ẹ̀. Ẹlòmíì ní kò sí wàhálà rárá, pé mo tiẹ̀ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, mo sì lè fi èyí tó ṣọ̀wọ́n pààrọ̀ èyí tó tóbi jù ú lọ, pé wúrà kì í ṣe owó mọ́. Èwo ni ká dì mú? Sàká ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí i. Rírà tí ò ń rà á pamọ́ ò burú, wíwọ̀ ni wọ́n kọ̀ fún ọkùnrin, wọn ò kọ̀ fún un pé kó ní wúrà. Ti àwòrán yẹn, owó tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ń ná lọ́jà, ta ló wà lára ẹ̀? Àwọn sàhábà ná dínárì, owó wúrà àwọn ará Rúùmù, tòun ti àwòrán ọba wọn, ìgbà kálífà Abdul-Malik bin Marwan, ní nǹkan bí ọdún 77 Híjírà, ni wọ́n tó ṣe èyí tí kò ní àwòrán.

Ẹnì kejì yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà máa bá a, sọ nínú hádíìsì Ubaadah pé wúrà sí wúrà, fàdákà sí fàdákà, kó dọ́gba, kó sì jẹ́ ọwọ́ sí ọwọ́, tí irú wọn bá yàtọ̀ ẹ tà á bó ṣe wù yín tó bá ti jẹ́ ọwọ́ sí ọwọ́. Wúrà ló pè é, kò ní tí wọ́n bá ṣì ń ná an lọ́jà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí yọ, Ibn al-Qayyim ni wọ́n ń dì mọ́, onímọ̀ àtijọ́ kan tó fàyè gba kí wọ́n ta ẹ̀ṣọ́ wúrà ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣọ́ tí àwọn obìnrin ń wọ̀ ni ìyẹn ń sọ, kò sọ ọ́ nípa owó wúrà, àwa tí a sì ń tẹ̀lé Imaamu Maalik ò tiẹ̀ gba ti ẹ̀ṣọ́ yẹn fún un.

Torí náà half sovereign méjì sí odindi kan, kò burú, wúrà gidi inú half jẹ́ gíráàmù 3.66, ti odindi jẹ́ 7.32, ó dọ́gba, kẹ́ ẹ ṣáà gbà á fúnra yín lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kó o gbé quarter kan sílẹ̀ torí pé ọdún tó wà lára ẹ̀ ṣọ̀wọ́n kó o gba half, ríbà pọ́nńbélé ni, èlé tí ẹ̀sìn kọ̀. Bilal fi òṣùwọ̀n méjì dàbínù tí ò dáa gba ẹyọ kan èyí tó dáa, Ànábì ní ríbà gan-an nìyẹn, ó ní kó ta tiẹ̀ kó wá fi owó ẹ̀ ra èyí tó fẹ́. Ìwọ náà tà á ní pọ́n-ùn, gba owó ẹ, kó o tó ra òmíràn. Tí dílà bá sì lé owó lórí kékeré ju ti ńlá lọ, tó o bá ti fi pọ́n-ùn rà á kò kan ẹ̀sìn, irú wọn ti yàtọ̀, àpò ẹ nìkan ló kàn.

Sísan díẹ̀díẹ̀, rárá. Èyí tó ń rú gbogbo yín lójú ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kádì á yọ owó lónìí tí wúrà á dé lọ́tunla. Kádì tó yọ owó lójú ẹsẹ̀, mo gbà pé ọwọ́ ni, wúrà wá dà? Maalik bin Aws, kì í ṣe Imaamu wa o, fẹ́ ṣẹ́ ọgọ́rùn-ún dínárì sí fàdákà lọ́dọ̀ Talha, Talha gba wúrà ó ń yí i lọ́wọ́, ó ní kó dúró kí akápò òun dé láti Gaaba, ibì kan lẹ́bàá Mẹ̀dínà, Umar ń gbọ́, ó sọ fún Maalik pé wallahi o ò ní fi í sílẹ̀ títí wàá fi gba tìẹ. Talha o, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n fi àlùjánnà dá lójú! Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán an. Ṣé dílà orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ṣeé dúró dè ju Talha lọ ni? Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ òde òní fàyè gba ọjọ́ méjì mẹ́ta, mi ò bá wọn jà, mi ò sì lè fi kọ́ ọ. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, sanwó kó o gbà á níbẹ̀. Tí o ò bá ráyè, rán ẹnì kan, kí òun fúnra ẹ̀ rà á kó sì gbà á níbẹ̀.

Sàká wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Ogún dínárì ni òṣùwọ̀n ẹ̀, gíráàmù 85 wúrà gidi, ìyẹn half sovereign 24 tàbí quarter 47. O lè má ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ro owó tó wà ní báǹkì àti fàdákà mọ́ ọn, tó bá pé tí ọdún òṣùpá kan sì yí po lé e lórí, yọ ìdá kan nínú ogójì. Iye tí wúrà inú ẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ yẹn ni kó o wò, má wo iye tí àwọn tó ń kó o jọ ń rà á.