Ẹ Bi Wá: Díròmù búréèkì tó là, ṣé wẹ́dà lè jó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀sì ni mo fi ń kó èrò láti Ìsánlú lọ sí Kábà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá búréèkì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì, ìgbà tí mẹkáníìkì tú u la rí i pé díròmù, irin rìbìtì tó ń bá táyà yí, ti là láti etí wọnú. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun máa jó o, pé irin ni irin ń jẹ́, òun náà ṣáà ló jó ṣáàsí mi, irin gbọọrọ tó gbé ara ọkọ̀ dúró, léṣìí tí nǹkankan ò ṣe é títí di òní. Owó díròmù míì ò sí lọ́wọ́ báyìí. Kí ni kí n ṣe? (Awakọ̀, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jó o. Mo mọ̀ pé owó ò sí lọ́wọ́, àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń jókòó sẹ́yìn rẹ.

Wẹ́dà yẹn ò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ṣáàsí, ṣùgbọ́n ṣáàsí àti díròmù kì í ṣe ọmọ ìyá. Nínú mọ́tò, irin tí wọ́n dà wà, irin tí wọ́n rọ wà, èyí tí wọ́n tẹ̀ láti ara páànù náà wà, bí wọ́n sì ṣe ṣe é ló ń sọ ohun tó o lè fi ojú ẹ̀ rí. Irin dídà ni díròmù. Wọ́n á yọ́ ọ títí á fi ṣàn bí omi, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù oníyanrìn, tó bá tutù wọ́n á fi lééti, ẹ̀rọ tó ń yí irin, fá inú ẹ̀ kó dán. Kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ máa ń lé ní 3 nínú 100, ti ṣáàsí ò sábà tó 0.3, kábọ́ọ̀nù yìí ló wá tò sínú irin náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan dúdú inú pẹ́ńsù tọ́mọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé gan-an ni. Fi fáìlì ha díròmù wò, ẹbu dúdú ló máa dà sílẹ̀, kò ní ká kóńkó bíi ti ṣáàsí. Kábọ́ọ̀nù yìí ló ń gbé ooru kúrò níbi tí ṣúù, èyí tó ń tẹ̀ mọ́ díròmù láti inú kí táyà lè dúró, ti ń ha díròmù, òun ni kì í jẹ́ kí búréèkì máa pariwo, ìdí tí wọ́n fi ń lo irú irin yìí nìyẹn. Òun náà ni kì í jẹ́ kó lè tẹ̀. Ó máa ń là ni, bí ìkòkò amọ̀.

Tí iná wẹ́dà bá wá kàn án, ojú kan á yọ́, irin tútù tó yí i ká á fa ooru yẹn mu kíá, ibẹ̀ á sì gan bíi gíláàsì. Bó ṣe ń tutù ló ń súnkì, kò sì rọ́nà tẹ̀, á tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó. Ìgbà míì wàá gbọ́ "kẹ́" kí wẹ́dà tó palẹ̀ mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n jó o, wọ́n fá a, ó dán bí ẹni pé kò là rí, ọjọ́ kẹta ló fọ́ sí méjì, pẹ́dà wọlẹ̀ pátápátá, igbó ni mo sá wọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Àwọn kan mọ irin dídà jó o, wọ́n á yáná fún un dáadáa, wọ́n á lo ọ̀pá oníníkẹ́ẹ̀lì, wọ́n á rì í sínú eérú gbígbóná kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Ìyẹn dára fún ilé páǹpù. Ti búréèkì, rárá.

Tó o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, fi okùn gbé e kọ́, fi sípánà kàn án. Tó bá dún gooro bí agogo, ó ṣeé rà, tó bá dún kò bí ìgò tó sán, gbé e fún wọn padà. Wo ara ẹ̀, wàá rí MAX DIA àti nọ́ńbà kan, ìyẹn ibi tí inú ẹ̀ lè fẹ̀ dé, kí wọ́n fi kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọn inú ẹ̀, tó bá ti fẹ̀ ju nọ́ńbà yẹn lọ, ó ti jẹ tán. (Ó dùn mí o, irin wà nílẹ̀ ní Ìtàkpè, láti 1979 la ti dá ilé iṣẹ́ irin Àjàókúta sílẹ̀, tòkunbọ̀ la ṣì ń wá kiri.)

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú ewé sípírìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù mi dúró, kán nígbà tí mo ru iṣu bọ̀ láti oko. Ìyẹn kì í kúkú ṣe irin dídà, ṣé mo lè jó o? (Àgbẹ̀, Mọ́pà)

Ìdáhùn: Òótọ́ lo sọ, kì í ṣe irin dídà, àmọ́ má jó o. Wọ́n ti sè é níná, wọ́n jẹ́ kó pọ́n dẹ̀dẹ̀, bíi 850 sí 900 dígírì, wọ́n rì í sínú òróró, wọ́n tún fi iná tó kéré sí ti àkọ́kọ́ rọ̀ ọ́ kó lè máa tẹ̀ kó máa padà. Ibi tí iná wẹ́dà bá kàn, gbogbo iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ níbẹ̀, kòtò àkọ́kọ́ ló máa tún kán. Ra ewé míì tó fẹ̀ tó sì nípọn bíi tàtijọ́. Èyí tó kán, gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, á rọ àdá tó múná fún ẹ, torí òun mọ bí wọ́n ṣe ń tún un sè.