Ṣé mo lè gé hítà inú sẹ́ńsọ̀ MQ-7 kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sẹ́ńsọ̀ MQ-7 ni mo fi ń ṣọ́ gáàsì CO (kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, gáàsì olóró) inú èéfín jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n hítà rẹ̀ ń jẹ bátìrì. Wọ́n ní àwọn sẹ́ńsọ̀ oníhóró tíntìntín kan wà tí kò nílò ooru. Ṣé mo lè gé hítà tèmi kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ má gé e. Ojú SnO2 (ọ́sáìdì tánganran) inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, iná ò sì ní ráyè kọjá dáadáa. Bí CO bá dé, á bá ọ́síjìn náà di CO2, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á padà, iná á tún ráyè. Láìsí ooru, gbogbo èyí á falẹ̀, ọ̀rinrin á sì bo ojú ibẹ̀.

Àmọ́ kò pọn dandan kí hítà máa gbóná gidi ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún un ní 5 V fún ìṣẹ́jú àáyá 60 kó fi fọ ara rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà 1.4 V fún 90. Òpin 90 yìí ni kí ẹ kà á. Ẹni tó bá fi í sórí 5 V tọ̀sán-tòru ń jẹ bátìrì ní ìlọ́po méjì, gáàsì mìíràn á sì máa dà á láàmú.

Ibi PWM (títan iná àti pípa á léraléra kíákíá láti fi dín agbára rẹ̀ kù) ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á fi 5 pín 1.4, wọ́n á rí 28%, wọ́n á kọ ọ́ sínú kóòdù. Rárá o! Bí fólítì bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń dà. Nǹkan bíi 8% ló tọ́, ìyẹn 20 nínú 255 lórí Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀). Hítà ń fa bíi 150 mA ní 5 V, èyí tó pọ̀ ju agbára píìnì Arduino lọ, torí náà MOSFET (swíìṣì ẹlẹ́kítíróníìkì) ni kó gbé e. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ tàn án fún wákàtí 48 kí ẹ tó gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́.

Òótọ́ ni ti oníhóró tíntìntín. Tí hóró SnO2 bá kéré tó bíi 6 nm (nánómítà, ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ọ́síjìn á fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kì í ṣe lára awọ nìkan, gáàsì díẹ̀ á sì hàn. ZnO (ọ́sáìdì síńkì) tó rí bí okùn tín-ín-rín lábẹ́ LED UV 365 nm (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) lè mọ gáàsì NO2 (naitrójìn dáyọ́ọ̀sáìdì) láìsí hítà rárá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gáàsì tó ti lẹ̀ kì í tètè kúrò, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ń yí nọ́ńbà padà.

Bó bá jẹ́ yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, ẹ ra alámù CO onísẹ́ẹ̀lì kẹ́míkà. Kò ní hítà, bátìrì kékeré sì ń gbé e fún ọdún. Jẹnẹrétọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé.