Èsì: Ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Louis Kahn?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ń kọ àròkọ lórí Louis Kahn, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, ẹ wá há sí ogún ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ò rí ilé ńlá kan tọ́ka sí. Ọdún 1951 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà ló ti Róòmù dé, ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ yíya ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ti mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ilé gbígbé fún òṣìṣẹ́ ni àròkọ yín dá lé, ẹ má fo àwọn ọdún 1940. Òun àti àwọn ayàwòrán ilé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, George Howe àti Oscar Stonorov, ló ya àdúgbò ilé gbígbé Carver Court ní Pennsylvania fún àwọn òṣìṣẹ́ irin aláwọ̀ dúdú lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì.

Lẹ́yìn Yale:

1. Ilé ìwádìí Richards, Philadelphia. Ó kó àtẹ̀gùn àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ sínú ilé gogoro oníbíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí yàrá iṣẹ́ lè ráyè. Ó wuyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn da àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàmú!

2. Ilé ìwádìí Salk, California, 1965. Ilé kọnkéré kọjú síra, àgbàlá láàárín, òkun Pàsífíìkì lọ́ọ̀ọ́kán. Orí èyí ni kí ẹ kọ̀wé lé jù.

3. Ilé aṣòfin Dhaka, Bangladesh. Kò rí òpin rẹ̀. Oṣù Kẹta 1974 ló kú ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Penn Station, New York, bó ṣe ń ti Íńdíà bọ̀. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i.