Ọ̀dà tó ń bó lára lambris PVC lẹ́bàá adágún ẹja

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Mo fi lambris PVC funfun, irú èyí tí wọ́n ń kàn sí àjà, kọ́ màkẹ́ẹ̀tì (àwòṣe kékeré) ilé Àgùdà kan tó ga tó mítà kan sẹ́bàá adágún ẹja nínú àgbàlá mi. Ọ̀dà elépo ni mo fi kùn ún: ògiri pupa, òrùlé dúdú. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀dà fi ń bó, òrùlé sì ti tẹ̀ láàárín. Ẹja wà nínú omi náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ mú èépá ọ̀dà kan tó ti bó, kí ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn náà bá ń dán bíi dígí, ọ̀dà kò di ike mú láti ọjọ́ àkọ́kọ́: wọn ò gbo ojú ike kí wọ́n tó kùn ún nìyẹn. Bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ike tí oòrùn ti jẹ ni ọ̀dà dì mú, ojú yẹn ló sì bá a ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ là wẹ́wẹ́ kó tó bó, ọ̀dà elépo fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dá lẹ́bi. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń gan, bẹ́ẹ̀ PVC kì í dúró sójú kan. Lambris tó gùn ní mítà kan máa ń fi bíi mìlímítà 2 gùn sí i bí ooru ara rẹ̀ bá fi 30°C gòkè. Ohun tí kò lè nà bá a yóò là dandan.

Àwọ̀ ló pa òrùlé yín. PVC máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 75 sí 80°C. Ike dúdú tí oòrùn ọ̀sán ń pa lè kọjá 60°C, lambris àjà sì fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, nítorí náà kò ní dúró de ìgbà tó máa rọ̀ tán kó tó tẹ̀. Ẹ pààrọ̀ èyí tó tẹ̀, kí ẹ fi igi gbè é nísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra, kí ẹ sì kùn ún ní eérú tàbí àwọ̀ amọ̀ tí kò ki. Bí ẹ bá máa ra tuntun, bardage PVC tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ bèèrè ní quincaillerie. Ti àjà kò wà fún oòrùn. Á pọ́n, á sì máa ya.

Ẹ wo ẹ̀yìn ike náà fún nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta. Mẹ́ta ni PVC. Bí ẹ bá rí 2 tàbí 5, ọ̀dà lásán kò ní dì í mú láé, àfi pẹ̀lú ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ irú ike yẹn sára agolo rẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ ju ègé kékeré tí kò ní ihò sínú omi ọlọ́ṣẹ: PVC líle á rì, àwọn méjì yòókù á léfòó. (PVC tí wọ́n fún ní ìfófòó náà máa ń léfòó o, kí ẹ má bàa ṣì í.)

Iṣẹ́ gan-an wà kí ẹ tó ṣí agolo ọ̀dà. Ẹ ha gbogbo ọ̀dà tó ti tú kúrò, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ́, kí ẹ ṣan án dáadáa. Kí ẹ wá fi pépà oníyanrìn nọ́ńbà 320, tí ẹ rẹ sómi, gbo ó títí dídán rẹ̀ á fi kú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Kò yẹ kí ojú rí ìlà. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ àti alcool 90° ti ilé oògùn nù ún, kí ẹ máa pààrọ̀ aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Ẹ má lo acétone tàbí diluant: wọ́n máa ń rọ PVC.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ PVC sí lára ló kàn, lẹ́yìn náà ọ̀dà olómi acrylique ti ìta, ìpele méjì fẹ́ẹ́rẹ́, wákàtí mẹ́rin láàárín. Lítà kan máa ń kun bíi mítà 10 níbùú lóròó (10 m²) ní ìpele kan, nítorí náà ìlàjì lítà tó fún màkẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 2 níbùú lóròó (2 m²). Omi tí ẹ máa fi là á kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 25 lọ nínú ìlàjì lítà náà. Inú ibòji ni kí ẹ ti kùn ún, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Ọ̀dà tí oòrùn pa nígbà tó tutù máa ń yọ ìléròó. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má gbéra.

Silicone tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ń kọ́? Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Mastic acrylique ni kí ẹ fi dí ẹnu ihò lambris kí ẹ tó kùn ún; bí ẹ bá nílò silicone, lẹ́yìn ọ̀dà ni.

Ní ti ẹja, ẹ gbé màkẹ́ẹ̀tì náà jìnnà sí omi sórí bâche. Ìdọ̀tí pépà àti omi tí ẹ fi fọ búrọ́ṣì kò gbọ́dọ̀ wọ adágún tàbí gọ́tà tó ṣàn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ méje kó tó padà, kí ẹ sì gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju omi lọ. Ibi tí omi bá ń kàn, ẹ fi í sílẹ̀ láìkùn. Ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi tó ní bàbà nínú máa ń pa ẹja. Ẹ má mú un wá sítòsí.

Kí ẹ tó kun gbogbo rẹ̀, ẹ kun ègé kan tó ṣẹ́kù, kí ẹ dúró ọjọ́ méje. Ẹ fi abẹ fa ìlà mẹ́fà sí i ní mìlímítà 2 síra, kí ẹ fa mẹ́fà míì dábùú wọn, kí ẹ lẹ scotch mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì fà á yọ. Bí igun ọ̀kan tàbí méjì nìkan bá ṣí, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, pépà oníyanrìn ló ń pè yín padà.