Fáìlì ti di ti kọ̀ǹpútà: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Lẹ́tà tó dé lórí àwọn ilé ìwòsàn tó ń kó àkọsílẹ̀ ìlera sínú kọ̀ǹpútà kò kéré. Mẹ́rin la mú nínú wọn.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú ní Ìlọrin, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti dé, pé a ò nílò káàdì àtijọ́ mọ́. Ṣé ká kó ìwé wọ̀nyẹn dànù? (Ọjà Ọba, Ìlọrin)

Ẹ má kó o dànù o. Kọ̀ǹpútà wúlò gan-an fún irú àìsàn Màmá. Fáìlì oníbébà, ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń pa á, ọwọ́ ẹnì kan ló sì lè wà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wà lọ́dọ̀ dókítà, fámásì ò rí i. Lórí ẹ̀rọ, èsì tí làbù tẹ̀ láàárọ̀ á ti wà níwájú dókítà kí Màmá tó wọlé, dókítà á sì lè wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́fà pa pọ̀ kó mọ̀ bóyá oògùn ń ràn án.

Àtijọ́ tí wọ́n ń kó wọ inú tuntun gan-an ló ń fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í tẹ fáìlì àtijọ́ tán. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, àwọn mìíràn á ya fọ́tò ojú ìwé sínú rẹ̀. Ojú ènìyàn lè ka fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè fi í kìlọ̀ fúnni. Bí “ara rẹ̀ kò gba penicillin” bá wà nínú fọ́tò ojú ìwé kejìlá, kọ̀ǹpútà ò ní sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí dókítà bá kọ amoxicillin fún Màmá, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ni oògùn méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oògùn tí ara kọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún lọ, ẹ kó ìwé àtijọ́ àti páálí oògùn dání, kí ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí yín létí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, oògùn tí ara kọ̀, oògùn tó ń lò báyìí pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi etí sí èsì ṣúgà dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi mg/dL kà á, àwọn mìíràn ń fi mmol/L, 126 ti àkọ́kọ́ sì ni 7.0 ti èkejì. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà láìtẹ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ẹni tó kà á lọ́la lè rò pé ṣúgà ti fò sókè tàbí pé ó ti já wálẹ̀.

Orúkọ ló tún burú jù ní ìlú wa. Ẹnì kan náà ni Rasheedat lónìí, Rashidat lọ́la, Ìyá Àlájì lọ́tùn-únla. Àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, akọ̀wé á fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fún ogún ènìyàn mìíràn. Èyí ló ń bí fáìlì méjì fún ènìyàn kan, èyí tó sì léwu jù ú lọ, ènìyàn méjì nínú fáìlì kan, tí èsì ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì á fi wà lábẹ́ orúkọ Màmá. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ náà, kó bá ti NIN mu, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn rẹ̀ sára páálí fóònù. Ẹ má gbára lé ìtẹ̀ka nìkan: ọwọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada ní Ìlọrin àti ti àgbẹ̀, iṣẹ́ ti họ ojú ìka wọn débi pé ẹ̀rọ kì í mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn.

Mo ní ilé ìwòsàn kékeré ní Ọ̀fà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́ta ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo nílò kí iná àti nẹ́tíwọ̀kì má bàa dá mi dúró? (Ọ̀fà)

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra sáfà kékeré kan sínú ọgbà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí èyí tó kù á máa kó ọ̀rọ̀ sí, kí ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn tàbí Wi-Fi inú ilé. Bí nẹ́tíwọ̀kì ìta bá lọ, iṣẹ́ ò dúró.

Ti iná, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní 60 wáàtì jẹ́ 180, sáfà 40, router (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) 15, àpapọ̀ wáàtì 235. Ẹ fi wákàtí 8 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di wáàtì-wákàtí 1,880. Bátìrì olómi 12V 200Ah kan gba wáàtì-wákàtí 2,400 (12 lọ́nà 200), ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì, kò ní pẹ́ kú, nítorí náà 1,200 lẹ lè lò. Inverter fúnra rẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀. Méjì irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yóò gbé yín dé ìrọ̀lẹ́; bátìrì lithium kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó ṣeé fà kọjá ìdajì, yóò gbé yín fún bíi wákàtí méje. Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ ọn. Bó bá ń gbóná, iná tó ń fà lójijì máa ń pa inverter kékeré.

Lálaalẹ́, kí sáfà ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sínú dírááfù ìta kan, kí ẹ̀dà mìíràn tí ẹ fi páswọ́ọ̀dù tì sì wà níbòmíì kúrò nílé yẹn. Ẹ yọ dírááfù náà bó bá ti ṣe tán. Kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry tó da ilé ìwòsàn púpọ̀ rú ní Ìlú Ọba ní May 2017, ohun gbogbo tó bá so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ni irú rẹ̀ ń tì pa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ wá fáìlì aláìsàn kan nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò rí, a ò lè fọkàn tán an.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Títẹ̀ ń jẹ àkókò wa, nítorí náà páswọ́ọ̀dù ẹnì kan ni gbogbo wa ń lò. Ṣé ó burú? (Òmù-Àrán)

Ó burú. Orúkọ ẹni tó ni páswọ́ọ̀dù náà ni ẹ̀rọ á kọ sí ẹ̀yìn gbogbo abẹ́rẹ́, bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, òun ni wọn á pè. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀.

Títẹ̀ máa ń lọ́ra ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó yẹ kí ọ̀gá dín iye aláìsàn kù nígbà yẹn. Ẹ ṣọ́ra fún dída àkọsílẹ̀ àná kọ. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru 160/100 ti ọjọ́ Ajé á wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tún un wọ̀n. Ẹ tẹ nọ́ńbà tòní kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ti ọmọdé ńkọ́? Bí 10.0 kílò bá sọ àmì tó wà láàárín rẹ̀ nù tó di 100, paracetamol tó yẹ kó jẹ́ 150 mg, ní 15 mg fún kílò kan, á di 1,500.

Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ lo fọ́ọ̀mù bébà, ó yẹ kí ìdì kan wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Bó bá padà dé, aago tí ẹ fún aláìsàn ní oògùn ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ aago tí ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Oògùn aago mẹ́wàá tí ẹ kọ sí aago mẹ́rin yóò ṣi ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́nà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú. Ṣé ó lè wo fáìlì mi? (Ajàṣẹ́-Ìpo)

Bí wọn ò bá pààlà sí ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Òfin ò gbà á láyè bí kò bá sí nínú àwọn tó ń tọ́jú yín: òfin ìlera ìjọba àpapọ̀ ti 2014 sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí, òfin ààbò dátà ti 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ yín àti láti ní kí wọ́n tún èyí tó ṣì wí ṣe.

Níbí kọ̀ǹpútà sàn ju fáìlì lọ. Ẹni tó ka bébà lóru, kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rọ tó dára ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì àti aago tó ṣí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ pé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó ti ṣí tiyín, kí wọ́n sì ti í mọ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.