Kí ni 52% sọ ní ti gidi lọ́jọ́ ìbò Brexit?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, London ni mo ń gbé. Mo wà lára 52% tó dìbò lọ́dún 2016 pé kí UK jáde kúrò nínú European Union (EU), àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù; ìjádekúrò yìí ni wọ́n ń pè ní Brexit. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ ṣe àpérò lórí rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n darí rẹ̀. Àwọn kan ní òfin ló fi dandan mú ìjọba láti ṣe ohun tí a sọ, pé ohun tí a sì sọ ni pé ká kúrò nínú ọjà àjọni wọn (single market). Àwọn mìíràn ní a kò mọ ohun tí à ń dìbò fún. Ta ni kí n gbè lẹ́yìn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbè lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Ìbéèrè yìí kì í tán, àwọn tó ń fi ariwo dáhùn rẹ̀ ló sì ń bà á jẹ́.

Ti òfin ná. Òfin kankan kò de ìjọba mọ́ èsì ìbò ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2016. European Union Referendum Act 2015 ní kí ìbò wáyé; kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èsì rẹ̀. Nígbà ìbò ọdún 2011 lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan aṣòfin, òfin ti la ohun tí mínísítà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ bí "bẹ́ẹ̀ ni" bá borí. Àwọn aṣòfin mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ, wọn kò sì kọ ọ́ ní 2015. Lóòótọ́, ìjọba ṣèlérí nínú ìwé tó pín káàkiri ilé pé òun yóò mú ohun tí ará ìlú bá pinnu ṣẹ. Ìlérí olóṣèlú nìyẹn, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, adájọ́ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá sọ ní oṣù Kìíní 2017 pé ìjọba kò lè dá kọ̀wé ìjádekúrò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ilé aṣòfin.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ "ohun tí a sọ." Ẹ rántí ìwé ìbò tí ẹ mú lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: ṣé kí UK ṣì wà nínú European Union ni, àbí kó jáde? Àpótí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọjà àjọni níbẹ̀, kò sí owó ibodè, kò sí iye àlejò tó gbọ́dọ̀ wọlé, kò sí ọ̀rọ̀ bọ́dà Ireland.

Bí ọmọkùnrin kan bá ní òun ń kó kúrò nínú agboolé bàbá òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé gbogbo èèyàn: kò ní sùn níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé yóò ṣì máa pọn omi nínú kànga agboolé? Bó bá ń pọn ọ́n, ṣé yóò máa dá owó àtúnṣe kànga? Ó lè ti ní ìdáhùn lọ́kàn, àmọ́ "mò ń kó lọ" kò tíì sọ ọ́.

Norway kò sí nínú EU, síbẹ̀ ó ń pọn omi kànga. Ó wà nínú ọjà àjọni, níbi tí ẹrù, iṣẹ́, owó àti èèyàn ti ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ó ń sanwó, ó ń tẹ̀lé òfin ọjà náà, ó ń gba ará Yúróòpù láyè láti wá ṣiṣẹ́, kò sì ní ìbò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin ọ̀hún. Turkey bá EU ní àdéhùn ibodè (customs union), pé kí wọ́n má gba owó ibodè lọ́wọ́ ara wọn, tó kan ọ̀pọ̀ ẹrù. Canada ní àdéhùn òwò. Òde EU ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè wà lọ́kàn ẹni tó fàmì sí "jáde."

Ẹ wá wo ìṣirò. Àwọn 17,410,742 ló ní kí wọ́n jáde. 16,141,241 ló ní kí wọ́n dúró. Bí 634,751 péré lára àwọn tó ní kí wọ́n jáde bá fẹ́ dídúró ju irú ìjádekúrò kan pàtó lọ, irú ìjádekúrò yẹn kò ní ọ̀pọ̀ ìbò mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ló dìbò pé ká kúrò nínú ọjà àjọni" ń sọ ohun tí ìwé ìbò kò lè fi hàn.

Wọn yóò ní àwọn aṣáájú ìpolongo sọ ọ́ kedere. Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ má sì fi í pamọ́: David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà tó ní kí wọ́n dúró, àti Michael Gove, mínísítà tó ní kí wọ́n jáde, sọ kó tó di ọjọ́ ìbò pé bí wọ́n bá jáde, wọn yóò kúrò nínú ọjà náà. Ṣùgbọ́n Daniel Hannan, tó ja fún ìjádekúrò, ti sọ ní 2015 pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ pé kí àwọn fi ipò UK nínú ọjà náà wewu. Nínú ìwádìí èrò olùdìbò tí Lord Ashcroft ṣe lọ́jọ́ ìbò, 49% àwọn tó ní kí wọ́n jáde ní ìdí pàtàkì wọn ni pé kí UK máa dá ìpinnu rẹ̀ ṣe. 33% ní ọ̀rọ̀ àlejò àti bọ́dà ni. Ìdí tí wọ́n fi dìbò nìyẹn. Kò sọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà jáde.

Ẹni tó ní ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe náà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. "Jáde" kò rú yín lójú rárá. Àìmọ ọ̀nà kọ́ ni àìmọ ibi tí èèyàn fẹ́ kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú olùdìbò kankan nínú àpérò yín.

Àwọn aṣòfin ni ọ̀nà já lé lọ́wọ́, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2019 wọ́n dìbò lórí ọ̀nà mẹ́jọ, kò sí ọ̀kan tó yege. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, àdéhùn ibodè fi ìbò mẹ́ta péré pàdánù, 276 sí 273. Theresa May, olórí ìjọba tó tẹ̀lé Cameron, ló ti kéde ní oṣù Kìíní 2017 pé àwọn yóò kúrò nínú ọjà àjọni. Boris Johnson, tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, gbé àdéhùn tirẹ̀ lọ síbi ìdìbò oṣù Kejìlá 2019, ó wọlé, UK sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2020. Ẹni tó bá ń wá àṣẹ fún irú Brexit tó wáyé, ìbò 2019 yẹn ló yẹ kó tọ́ka sí.

Lọ́jọ́ àpérò, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ní "wọ́n dìbò fún" nǹkan kan, ẹ bi í pé níbo ló wà nínú ìwé ìbò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ "gbogbo ìlú": 62% ní Scotland ló ní kí wọ́n dúró, àti 55.8% ní Northern Ireland.

Bí ẹnì kan bá ní ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ẹ sọ fún un pé òfin 2015 gba ọmọ Commonwealth tó ń gbé UK tó sì forúkọ sílẹ̀ láyè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá yí sí fisa tàbí ìwé ìgbélùú ẹnikẹ́ni, ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ má lo ìdáhùn yìí fún un. Ẹ ní kó lọ bá agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, kó sì mú ìwé rẹ̀ dání.